Páàtì Túù Fíìmù Ọmọ Inú Àmù

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí a sin bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní àwọn ẹbí ti sọ pé bí àwọn Àáfà bá parí àdúà ọjọ́ kẹjọ, kí àwa ọmọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sọ ohun kan ṣoṣo tí a rántí nípa bàbá wa. Ọmọ méjì péré ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti mú tiẹ̀ sílẹ̀: ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ nílé ìwé, tí bàbá mi pọ̀n ọ́n wálé lójú gbogbo ayé. Ó wá bi mí pé kí ni tèmi. Mo ní tèmi ni ìjọ́ tí èmi àti Dádì jọ wo Páàtì Túù fíìmù ọmọ inú àmù.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò yẹ ilé ọ̀fọ̀.

"Dádì tiwa yìí? Pé wọ́n jókòó wo fíìmù? Ṣé kì í ṣe pé o ṣì wọ́n mú?"

Mo bínú. Mo tètè máa ń bínú, ìyẹn kì í ṣe àṣírí, ṣùgbọ́n tọjọ́ yẹn wọ̀ mí lára nítorí mo mọ ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń rí nǹkan púpọ̀ rántí nípa rẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní erékùṣù Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kí oòrùn tó yọ wọ́n ti wà ní gáréèjì Ìkòròdú, bí wọ́n bá sì fi máa padà dé, agara ti dá wọn. Wọ́n á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ọ̀rọ̀ tó máa jáde náà kò sì ní ju "ẹ kúulé" lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n máa ń ra gúgúrú àti ẹ̀pà bọ̀ láti Èkó. Wọ́n á gbé e lé orí tábìlì, wọn ò ní sọ pé ti ta ni.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Bí a bá yọ gúgúrú àti ẹ̀pà kúrò, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní nípa bàbá mi. Bí wọ́n bá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ dìde sọ níwájú èrò?

Ìgbògbò ni a ń gbé nígbà náà, ibẹ̀ náà ni ilé wa wà títí dòní. Àsìkò tí mò ń sọ yìí, síídì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kásẹ́ẹ̀tì fídíò jáde kúrò nílé ni. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ń fi sítíkà oníjàkadì tó wà nínú ṣingọ́ọ̀mù lẹ ara tábìlì wọn. Ọmọ tí wọ́n bá ra géèmù bíríkì fún, èyí tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ kí bíríkì lè tò sórí ara wọn, ọba kékeré ni nílé ìwé; a ó máa pọ́n ọn lé títí bátìrì rẹ̀ á fi kú. Àwa ọmọbìnrin ń ta rọ́bà, a ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ẹ̀n, a ń fo súwẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù ló ni gbogbo wa. A mọ ìpolówó fíìmù tó máa ń ṣáájú fíìmù gangan lórí, débi pé bí iná bá lọ, a lè ka gbogbo rẹ̀ tán láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, pẹ̀lú ohùn gbẹ̀du-gbẹ̀du ọkùnrin tó ń polówó.

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oní-síídì ni a ti máa ń yá fíìmù. Obìnrin tó sanra ni wọ́n, wọ́n fi okùn so awò ojú wọn kọ́ ọrùn. Bí o bá dá síídì padà, wọ́n á gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n á mí sí i lára, wọ́n á fi etí ìró wọn nù ún yípo, wọ́n á tún gbé e wò. Bí wọ́n bá rí ojú ibi tó họ, ìwọ àti ìyá rẹ ti wọ wàhálà. Òfin wọn kan wà tó le ju gbogbo rẹ̀ lọ: wọn kì í fún ilé kan ní Páàtì Wáànù àti Páàtì Túù pọ̀. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Bí ilé tiwa bá ń wo Wáànù, ilé mìíràn ló gbọ́dọ̀ máa wo Túù, kí ọjà má bàa dúró. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọmọ Ìgbògbò ìgbà náà fi dàgbà sí àárín méjì. Ọmọ tó bá ti rí Túù ṣáájú rẹ á gba rọ́bà mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ kó tó sọ díẹ̀ fún ọ, kò sì ní sọ ìparí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àwa gan-an lọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí.

Fíìmù tí mò ń sọ yìí kò ṣòro láti yé ènìyàn. Obìnrin kan ni kò rọ́mọ bí. Ó bẹ omi, omi fún un lọ́mọ, ṣùgbọ́n inú àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé ni ọmọ náà ń gbé. Bí ìyá rẹ̀ bá ti jáde ni ọmọ á jáde, á gbálẹ̀, á dáná, á tún padà sínú àmù kí ìyá tó dé. Ìyá kò rí ojú ọmọ rẹ̀ rí. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣẹ̀sín pé ọmọ tó ní, ọmọ ẹnu lásán ni. Ni aládùúgbò burúkú kan bá gbà á nímọ̀ràn pé kó fọ́ àmù náà, kí ọmọ má ríbi sá sí mọ́. Bí ìyá ṣe gbé òkúta sókè lórí àmù báyìí, tí a sì ń rí ojú ọmọ náà nísàlẹ̀ omi, ni Páàtì Wáànù parí.

Èmi náà kì í yọjú sí ẹnikẹ́ni, ọmọ tó máa ń sá sábẹ́ tábìlì bí àlejò bá dé ni mí. Ṣé ẹ rí i, ọmọ inú àmù yẹn, ara mi ni mo kà á sí.

Ohun tí mo wá rántí nìyí. Ní agbègbè Ìkòròdú, ọjọ́ kan máa ń wà lọ́dún tí Orò máa ń jáde lọ́sàn-án. Obìnrin kì í fojú kan Orò. Wọ́n á ti kéde rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ náà, gbogbo obìnrin, àgbà àti ọmọdé, inú ilé ni wọ́n máa wà, pẹ̀lú fèrèsé títì, títí ìséde á fi parí. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, kì í dúró dè é. Bí ọjọ́ bá ti kù díẹ̀ wọ́n á kó èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ẹ̀pẹ́, a ò ní padà títí gbogbo rẹ̀ á fi parí. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí mo ń ṣe ìdánwò láti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Jímọ̀ ni ìdánwò náà, Sátidé ni Orò. Màmá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ti lọ ṣáájú nítorí ara ìyá àgbà kò yá. Bàbá mi ló yẹ kó mú mi tẹ̀ lé wọn ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ sì ti tán. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di pé èmi àti bàbá mi nìkan la wà nílé lọ́jọ́ Orò nìyẹn.

Mo ti yá Páàtì Wáànù bọ̀ nígbà tí mo ń ti ibi ìdánwò bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Orò, pẹ̀lú aṣọ fèrèsé tó sọ̀ kalẹ̀ àti ohùn tẹlifíṣọ̀n tí a rẹ̀ sílẹ̀, mo wò ó. Bàbá mi jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni a jọ wo Páàtì Túù. Nínú rẹ̀, bàbá ọmọ náà, tó ti lọ ṣiṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, dé lójijì, ó gba òkúta lọ́wọ́ ìyá, ó gbé e sọ síta. Kò pe ọmọ jáde. Ó kàn jókòó ti àmù ni, ojoojúmọ́, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kì í sọ̀rọ̀. Á gbé nǹkan ìpanu sí ẹ̀gbẹ́ àmù, á jókòó. Ó ṣe títí, ó di ọjọ́ kan, ọwọ́ kékeré kan jáde látinú àmù, ó mú ẹ̀pà kan, ó padà sínú omi. Lọ́jọ́ kejì ó mú méjì. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọmọ náà fi jáde fúnra rẹ̀.

Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé bàbá mi rẹ́rìn-ín, eyín wọn hàn. Láti ọjọ́ yẹn mo fẹ́ tún fíìmù yẹn wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ béèrè Páàtì Túù lọ́wọ́ Ìyá Oní-síídì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní ó ti bàjẹ́, pé ó ń há láàárín. Nígbà tó yá mo jáwọ́.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀yìnkùlé. Kò jiyàn. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa kó fíìmù àtijọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi rí i. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, orí wa kan ara wọn, a wò ó.

Òkúta já bọ́ ní ìran àkọ́kọ́. Àmù fọ́. Omi ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàn lọ sínú ọ̀sà, ọmọ náà sì bá a lọ. Ìyẹn ti tán. Ìyókù, bí wákàtí kan àbọ̀, ìyá tó ń rìn kiri etí omi ni, àti aládùúgbò burúkú tó ń jẹ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá kankan kò yọjú.

"Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ ní bàbá nínú fíìmù," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Omi ló bí i. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

Mo ní fíìmù mìíràn nìyẹn. Ó ní ojú kan náà ni, aṣọ kan náà, àmù kan náà. Mo ní wọ́n ti gé e. Ó ní ta ló gé e? Kí n tó mọ̀, ariwo wa ti wọlé. Màmá mi jáde síta pẹ̀lú ìborùn dúdú lórí, wọ́n béèrè ohun tí à ń jà sí. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fi ọmọbìnrin àwọn sílẹ̀ ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Orò rí, láyé.

"Ẹ̀pẹ́ lo wà. Orí ẹsẹ̀ mi lo sùn sí."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ìyá mi jiyàn nínú ọ̀fọ̀ ọkọ wọn? Ṣùgbọ́n orí mi dàrú. Ó dàrú débi pé bí mo bá gbé omi, mo máa ń gbàgbé ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹnì kan ní bàbá mi kì í wo fíìmù. Ẹnì kan ní n kò sí níbẹ̀. Fóònù ní fíìmù náà kò parí bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta sí ẹyọ ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ẹ̀rù bà mí pé bóyá mo fi ọwọ́ ara mi ṣe bàbá kan fún ara mi, nítorí èyí tí mo ní kò tó.

Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo di ojú, mo ní kí n wo ìrántí náà dáadáa bí Ìyá Oní-síídì ṣe ń wo síídì. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé bàbá inú fíìmù náà wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó ya lábẹ́ abíyá. Síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá mi nìyẹn. Ohun kejì, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀, ìyá, ọmọ, aládùúgbò, ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohun kẹta ni ẹ̀pà. Nígbà tí mo wá yíjú sí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, iná kò sí lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú, òjìji èmi àti bàbá mi ló wà nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni èyí tó kù wá sọ́kàn mi, bí ìgbà tí ènìyàn bá fa okùn kan tí gbogbo rẹ̀ sì ń tú. N kò wo Páàtì Túù. Nígbà tí Wáànù parí, mo sunkún, mo sunkún débi pé mo bì. Bàbá mi, tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọmọ tó ń sunkún ṣe, dìde, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì lé síńgílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí n má sì yọjú, àwọn ń lọ wá a lọ́dọ̀ Ìyá Oní-síídì. Wọ́n pẹ́ tó wákàtí méjì. Iná lọ kí wọ́n tó dé. Eruku kún ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n wọlé, ọwọ́ wọn sì ṣófo.

Wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Wọn ò jẹ́ kí n gbé e wá. Ẹlòmíì ti sọ pé òun ló kàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n dúró wò ó níbẹ̀, mo sì ti wò ó tán." Ni wọ́n bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n tó kú, wọ́n ṣe fíìmù náà fún mi.

Ara mi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo rántí èyí. Ó túmọ̀ sí pé n kò parọ́ mọ́ bàbá mi. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe ń tú ni òmíràn ń takókó. Bí wọ́n bá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù, kí ló dé tí tiwọn kò fi bá ti fóònù mu? Àbí ẹ̀dà méjì ni fíìmù náà ní? Nígbà náà, wọ́n lè ta ohunkóhun fún ènìyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè dá mi lóhùn, bó bá ṣì wà láyé.

Ṣọ́ọ̀bù náà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò fóònù. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní Ìyá Oní-síídì ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ṣàpèjúwe ilé náà fún mi. Ọjọ́ kẹfà ni mo wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú, a gba Ìtóìkín. N kò sọ ibi tí mò ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní mò ń lọ ra nǹkan. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bi ara mi pé irú ìwà wèrè wo nìyí, kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá ẹni, kí ènìyàn máa wá fíìmù kiri.

Mo bá wọn ní ẹ̀yìn ọjà ẹja, lórí àpótí, wọ́n ń ṣa edé gbígbẹ sínú atẹ. Wọ́n ti gbẹ, ṣùgbọ́n awò ojú ṣì wà lórí okùn ní ọrùn wọn. Wọ́n mú edé kan, wọ́n gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n jù ú sí apá kan. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ̀ lójú mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sọ ilé tí mo ti wá.

"Ọmọ bàbá tó máa ń wúkọ́," ni wọ́n wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, wọ́n ti ṣaláìsí. Wọ́n bá mi dárò. Wọ́n fà mí jókòó lórí àpótí mìíràn. Mo wá sọ ohun tí mo bá wá, mo rọra sọ ọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú fo wèrè mi: ọjọ́ Orò, lọ́dún báyìí-báyìí, ṣé wọ́n rántí pé bàbá mi dúró wo Páàtì Túù fíìmù ọmọ inú àmù ní ṣọ́ọ̀bù wọn?

Wọ́n fi edé sílẹ̀. Wọ́n gbé awò sí ojú, wọ́n wò mí.

"Ọjọ́ wo lo pè é?"

"Ọjọ́ Orò, Màmá."

"Ṣé Ìgbògbò ni wọ́n bí ẹ sí ṣá?"

"Ìgbògbò ni."

"O wá ń bi mí pé mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Orò. Èmi. Pẹ̀lú ọmú láyà."

Èmi ọmọ Ìgbògbò, tí wọ́n tì mọ́lé lọ́jọ́ náà nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ló gbà pé obìnrin kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní ìkóríta tó ń yá ènìyàn ní fíìmù. Bó sì ti pẹ́ tó yìí, n kò rò ó rí. Bàbá mi náà, ọmọ onílẹ̀, tó mọ òfin Orò kí ó tó mọ ABD, kò rò ó kí ó tó pa irọ́ náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èyí kò tiẹ̀ sá jìnnà, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, àwa la ò wò ó.

"Inú yàrá ni mo wà títí ó fi di ìrọ̀lẹ́," ni wọ́n tẹ̀síwájú. "Bàbá rẹ ò wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí kó tó dọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó wá lọ́jọ́ kejì. Mi ò tíì gbálẹ̀ tán."

Wọ́n ní bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wúkọ́, ó wúkọ́, àwọn rò pé omi ló fẹ́ tọrọ. Nígbà tó yá ló ní ṣé òun lè béèrè bí fíìmù ọmọ inú àmù ṣe parí. Wọ́n sọ fún un pé àmù fọ́, omi gbé ọmọ lọ. Wọ́n ní ó dúró gan-in. Ó béèrè pé ọmọ náà kò padà wá? Wọ́n ní kò padà.

"Ó ní òun ti sọ nǹkan mìíì fún ọmọ òun. Ó ní kí n jọ̀ọ́, tóo bá wá béèrè, kí n sọ pé ó ti bàjẹ́. Mo ní, Bàbá, kí n máa parọ́ fọ́mọ kékeré? Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ má jẹ́ kó rí i.' Ẹ̀ẹ̀mẹta lo wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá ẹ lóhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ mo yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ, torí ojú ẹ ń le sí i ni."

Mo sunkún níbẹ̀, láàárín edé. N kò lè sọ pé ìbànújẹ́ ni tàbí ayọ̀, àwọn méjèèjì ti dàpọ̀. Ìyá náà kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n di edé díẹ̀ sínú ọ̀rá fún mi pé kí n fi se ọbẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà, kò sì tíì tán. N kò mọ ibi tí bàbá mi lọ fún wákàtí méjì náà tí eruku fi kún ẹsẹ̀ wọn. Wọn kì í bá àwọn olórò ṣe Orò, wọn kì í sì í bá wọn jà. Bóyá wọ́n dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rí i pé títì ni, wọ́n wá rántí. Bóyá wọ́n jókòó sí iwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń wá bí ọmọ ṣe máa jáde nínú àmù, àwọn tí kì í sọ ju "ẹ kúulé" lọ. Màmá mi sì ṣì ń sọ pé Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Ó sì tún ń ṣẹlẹ̀ pé bí mo bá di ojú, iná á tún tàn lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, màá rí bàbá ọmọ náà nínú rẹ̀ kedere, pẹ̀lú orúkọ òṣèré tó ń lọ sókè nígbà tó parí. Mo mọ̀ pé kò sí i. Mo rí i.

Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn Àáfà ti ṣàdúà tán, ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó sọ ti ẹsẹ̀ tó rọ́, àwọn ènìyàn ní Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ó kàn mí. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ gidi sílẹ̀, nípa Orò, nípa ṣọ́ọ̀bù títì, nípa irọ́ tí bàbá mi pa. Bí mo ṣe dìde, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fíìmù náà ni. Mo ní obìnrin kan wà tó gbé òkúta sókè lórí àmù. Mo ní bàbá ọmọ náà dé, ó gba òkúta. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó ti mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí a jọ wò, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Mo sọ bó ṣe máa ń jókòó, pé kì í sọ̀rọ̀. Mo dé ibi tí ó ti gbé gúgúrú àti ẹ̀pà sẹ́nu àmù, ohùn mi sì há.

Àwọn ènìyàn ń wo ilẹ̀, wọn kò mọ bóyá mo ti parí. Màmá mi, tí wọ́n ti tẹ orí ba láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, gbójú sókè lábẹ́ ìborùn wọn.

"Ọmọ náà ńkọ́?" ni wọ́n wí. "Ṣé ó jáde?"

Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó jáde, Mọ́mì. Bàbá rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀."